Gílóòbù Mọ́kànlá Inú Agolo Bàbá Àgbà

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí lọ́jọ́ tí Bàbá mi àgbà yọ gílóòbù pupa kan kúrò nínú mọ́tò mi. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mọ ìyẹn ṣáájú ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ní Kambolé, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Togo, títí di òní, Bàbá nìkan ni àwọn ènìyàn ń dá lẹ́bi.

N kò ní sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ ọdún tí a bí wọn, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa. Àwọn awakọ̀ ń wá láti Tchamba, láti Bago, nígbà mìíràn láti òdìkejì ibodè Benin, kí Bàbá lè sọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún wọn.

Àwọn kan ń sọ pé Bàbá ní oògùn tí wọ́n fi ń gbọ́ èdè ẹ́ńjìnnì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orógùn ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, orógùn tí Ìyá Àgbà fi ń ro ọkà. Wọ́n á fi orí rẹ̀ kan lára irin ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, wọ́n á di ojú. Igi gbígbẹ máa ń gbé ìró dáadáa. Bí wọ́n bá ti gbé orógùn láti ibì kan sí ibòmíràn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á tọ́ka sí ibi kan pàtó, wọ́n á ní, "Ibí yìí ni. Ẹ tú u." Bí wọ́n bá sì tú u, ibẹ̀ náà ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn ni Ìyá Àgbà. A óò gbọ́ ohùn wọn láti ilé ìdáná:

"Bàbá Sàfí, orógùn mi dà?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Ṣé ọkà ọ̀sán yìí náà á tún máa rùn bí ọ́ìlì ni?"

"Fi ẹ̀pà sí ọbẹ̀ ẹ dáadáa. O ò ní gbọ́ òórùn kankan."

Ìyá Àgbà ra orógùn tuntun, wọ́n fi aṣọ pupa so ọrùn rẹ̀ kó lè dá yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ti aṣọ pupa náà fi wà lábẹ́ igi máńgòrò, tó dúdú bí èyí àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà gbé e sókè fún gbogbo agbo ilé láti wò. "Ẹ bá mi wò ó," ni wọ́n wí. "Ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́, èèyàn kọ́."

Nígbà tí àwọn mọ́tò tí òyìnbó ti lò bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté Cotonou àti Lomé dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní iná kan níwájú awakọ̀, aláwọ̀ ọsàn, tí àwòrán ẹ́ńjìnnì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rù iná yìí ń ba àwọn mẹ́káníìkì tó ti dàgbà. Àwọn kan ní iṣẹ́ àwọn ti tán. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Sokodé, sí àdúgbò Komah, sọ́dọ̀ Alhaji Mùfútáù, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Alhaji ní ìwé pélébé kan tó ṣàlàyé iná náà, Bàbá sì jókòó ti ìwé náà láti òwúrọ̀ títí di ìrun àìlà, Alhaji ń kà á, Bàbá ń kọ ọ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nínú àwọn mọ́tò ìgbà náà, àpótí kékeré kan wà nítòsí ẹ́ńjìnnì tó ní ihò púpọ̀. Bí a bá fi wáyà so ihò méjì kan nínú rẹ̀ pọ̀, tí a sì ṣí kọ́kọ́rọ́, iná ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Iye ìgbà tó bá ṣẹ́jú ni orúkọ àìsàn mọ́tò. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sinmi, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ́ńjìnnì kò mọ bí omi rẹ̀ ṣe gbóná tó nìyẹn. Bàbá kò lo wáyà. Ìkótí Ìyá Àgbà ni wọ́n tẹ̀, tí wọ́n ń kì bọ inú ihò méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi ẹnu kà, wọ́n ní ojú àgbà máa ń rẹ̀ nídìí iná. Tẹ̀sùbáà wọn ni wọ́n fi ń kà á, ṣíṣẹ́jú kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan.

Alhaji Mùfútáù kì í fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ bí wọ́n bá dé Komah. "Bàbá Kambolé, ẹ tún gbé tẹ̀sùbáà dé! Ṣé mọ́tò náà fẹ́ kírun ni?"

"Ó ti kírun tipẹ́," ni Bàbá dá a lóhùn. "Ìwọ ni ṣọ́ọ̀bù ò jẹ́ kó o tíì kí."

Èmi àti Bàbá jà lórí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ iná wọ̀nyí sí. Lẹ́tà kéú ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú lẹ́tà Lárúbáwá, nítorí ilé kéú nìkan ni wọ́n lọ. Mo jẹ́ olùkọ́, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún un kọ ní Faransé, kí ó lè wúlò fún àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n kọ̀. Mo sọ pé bí wọ́n bá kú, kò sí ẹni tó máa lè ka ìwé náà. Ọ̀rọ̀ náà kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde. Bàbá pa ìwé dé, wọ́n ti í bọ àpò. "Mẹ́tírì," ni wọ́n wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe èmi olùkọ́ bí inú bá ń bí wọn, "ìwé tìẹ, ìwọ ni wàá kà á. Tèmi, èmi ni n óò kà á."

Nísinsin yìí mo lè sọ̀rọ̀ iná pupa.

Yàtọ̀ sí iná aláwọ̀ ọsàn, iná pupa kan wà tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì. Èyí kì í ṣẹ́jú, kò sì ní orúkọ mẹ́wàá. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: ọ́ìlì kò dé ibi tó yẹ kó dé, pa ẹ́ńjìnnì kí ó tó pa ara rẹ̀. Bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kú. Bàbá máa ń sọ fún gbogbo awakọ̀ pé, "Èyí aláwọ̀ ọsàn ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Èyí pupa ń pariwo."

Nínú mọ́tò tèmi, iná pupa yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, kò sì kú mọ́. Bàbá fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì pé. Wọ́n fi orógùn gbọ́ ẹ́ńjìnnì, kò sí ìró búburú. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré tó ń rán iná náà níṣẹ́ ló bàjẹ́, ó ń purọ́. Òótọ́ pátápátá ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé Bàbá kò mọ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Alhaji kò ní irú ẹ̀rọ kékeré náà ní Komah, ó ní kí a dúró de ẹrù tó ń bọ̀ láti Lomé.

N kò lè dúró. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tí mo ń gbé lọ sí ìpàdé ní Tchamba ń pariwo ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí iná náà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ wá kalẹ̀, a ò fẹ́ jóná!" Ayé ìgbà náà, tí àwòrán ààrẹ kan ṣoṣo ń wò wá lára ògiri gbogbo kíláàsì, ṣọ́jà wà ní ìdènà ojú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn rí iná pupa yìí, ó ní mọ́tò mi ń ṣàìsàn, ó dá wa dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Ojú tì mí níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo lọ bá Bàbá.

"Ẹ yọ gílóòbù ẹ̀, Bàbá. Ṣebí ẹ ní irọ́ ló ń pa."

"Irọ́ ló ń pa lónìí."

"Ẹ ti yọ ti àwọn awakọ̀ mìíràn. Mo mọ̀."

Òótọ́ ni. Àwọn awakọ̀ máa ń bẹ̀ wọ́n, torí èrò ọkọ̀ kì í fẹ́ wọ mọ́tò tí iná pupa ń tàn nínú rẹ̀. Bàbá máa ń kọ̀ títí, wọ́n á sì wá gbà. Gbogbo gílóòbù tí wọ́n bá yọ, wọ́n máa ń fi òwú di ìwé pélébé mọ́ ọn, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ni ín ní lẹ́tà kéú, wọ́n á jù ú sínú agolo mílíìkì kan. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ tuntun bá dé, àwọn á dá a padà. Ti èmi ni wọ́n sọ di ìkọkànlá. Bí wọ́n ti ń de òwú náà, wọ́n wò mí. "Ọmọ mi ni ẹ́," ni wọ́n wí, "ni mo ṣe gbà fún ẹ. Kì í ṣe pé ó dáa."

Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ kékeré náà kò tíì dé láti Lomé, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ìyá Àgbà. A rò pé oúnjẹ ni. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ń bì, inú wọn le bí pákó. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Kambolé fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ìfun ló lọ́, iṣẹ́ abẹ ni, Sokodé nìkan ni a ti lè ṣe é, kí a má ṣe jẹ́ kí àláásárì bá wa lójú ọ̀nà.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àìlà tán ni. Mo gbé mọ́tò. Àbúrò mi obìnrin, Sìkírátù, jókòó sẹ́yìn, ó gbé orí Ìyá Àgbà lé itan. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n yí ara padà, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn di ọwọ́ ìyàwó wọn mú.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Kambolé sí Tchamba láyé ìgbà náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà eré. Mo sáré. Bí mo bá sì rọra, Ìyá Àgbà á kérora, n óò tún tẹ mọ́tò. Níbi kòtò kan, òkúta gbá ìsàlẹ̀ mọ́tò, gbàà! Gbogbo wa fò sókè. Lọ́jọ́ mìíràn, Bàbá ìbá ti ní kí n dúró, wọn ìbá ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò kí eruku tó wálẹ̀. Mo wò wọ́n. Wọn kò tilẹ̀ yí ojú padà.

"Máa lọ," ni wọ́n wí.

Mo wo ibi tí iná pupa máa ń wà. Ó dúdú. Ọkàn mi balẹ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀. Mo mọ̀ pé kò sí gílóòbù níbẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́. Síbẹ̀, ojú mi rí òkùnkùn, ọkàn mi sì túmọ̀ rẹ̀ sí àlàáfíà, mo sì tún tẹ mọ́tò.

A kọjá Tchamba. Ṣọ́jà ìdènà bẹjú wo ẹ̀yìn mọ́tò, ó rí Ìyá Àgbà, ó gbé igi sókè kíá láìbéèrè ìwé. A ti ń sún mọ́ Sokodé nígbà tí Ìyá Àgbà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti Kambolé, la ojú.

"Bàbá Sàfí."

"Mo wà níbí."

"Mọ́tò yín ń ké."

"Má sọ̀rọ̀. Sinmi."

"Mo ní ó ń ké. Ẹ ò gbọ́ ni?"

Wọn kò gbọ́. Ọkùnrin tó ń gbọ́ ìró ìdè tó tú nínú ẹ́ńjìnnì láti inú yàrá kò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, nítorí mímí ìyàwó rẹ̀ ló ń gbọ́. Ìyá Àgbà, tó ti ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti ilé ìdáná láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ, ló gbọ́ ọ. Kí Bàbá tó gbé orí sókè kí wọ́n pariwo pé "Pa á! Pa á!", irin ti gé irin. Mọ́tò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Nígbà tí a wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí ọ́ìlì ń gbé ti là, ó ti gbẹ táútáú.

A gbé Ìyá Àgbà sábẹ́ igi ẹ̀mí kan, igi tó ń so èso òrí. Mo dúró sí àárín títì, mo ń na ọwọ́ sí mọ́tò. Èyí tó kún kọjá. Òmíràn tí kò kún náà kọjá. Bàbá jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi etí agbádá wọn fẹ́ atẹ́gùn sí ìyàwó wọn. Oòrùn ń lọ. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń béèrè bóyá a ti dé, tí Bàbá ń dáhùn pé, "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé," lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí n kò fi fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Lọ́rì tó ru èédú ló gbé wa níkẹyìn. Wọ́n ń pe ìrun mọ̀gàríbì ní Komah nígbà tí a wọ Sokodé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà kò rí òwúrọ̀.

Dókítà pè wá. Bàbá ní kí n bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: bí ó bá jẹ́ pé a dé ní àláásárì ńkọ́? Mo bi í ní Faransé. Dókítà wo ilẹ̀, ó ní kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n wákàtí ṣe pàtàkì nínú irú àìsàn yẹn, bóyá ìyá ìbá yè. Mo yíjú sí Bàbá. Mo ní, "Ó ní kò ní yàtọ̀."

Mo ti gbàgbé pé nígbà tí Bàbá wà ní ọ̀dọ́, wọ́n bá àwọn Faransé tó ń la ọ̀nà ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbọ́ èdè wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi ní èjìká, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. "Mẹ́tírì," ni wọ́n wí, "ìwọ náà má yọ gílóòbù."

A sin Ìyá Àgbà sí Kambolé. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, Bàbá mú agolo mílíìkì náà, wọ́n da gílóòbù inú rẹ̀ sórí ẹní, wọ́n kà wọ́n. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a fi máa rántí wọn, ju gbogbo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tún ṣe lọ. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ó bá jìn, wọ́n á gun ọ̀kadà. Wọ́n dé Bago, wọ́n dé Tchamba, wọ́n dé àwọn abúlé tí n kò mọ orúkọ wọn. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni gílóòbù, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń sọ: "Èmi ni mo yọ èyí. Kò dáa kí n yọ ọ́. Ìyàwó mi kú sí i. Jẹ́ kí n dá a padà."

Mo bá wọn lọ sí ibùdókọ̀ Tchamba, sọ́dọ̀ awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ísà. Mọ́tò rẹ̀ ti kún, èrò ń jẹ ẹ̀pà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ísà wí. "Ẹ ti bá mi pa á lẹ́nu mọ́, ẹ tún fẹ́ là á? Iná yẹn á lé èrò mi sá!"

Bàbá lọ jókòó sórí ilẹ̀ níwájú mọ́tò náà, wọ́n ká ẹsẹ̀, wọ́n fa tẹ̀sùbáà yọ. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo láti inú mọ́tò pé, "Ísà, tẹ bàbá yìí mọ́lẹ̀ ká máa lọ!" Ìyá kan ní, "Kí ló dé tí ẹ jókòó síbẹ̀, Bàbá?"

Bàbá gbé gílóòbù sókè láàárín ìka méjì. Wọ́n sọ gbólóhùn wọn náà, ketekete, kí gbogbo ibùdókọ̀ lè gbọ́. Ẹ̀rín dá. Ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ísà, fi gílóòbù yẹn sí i kí n tó wọlé."

Iṣẹ́ yìí gba orúkọ rere tí Bàbá ti ní lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Bàbá Gílóòbù. Àwọn awakọ̀ ní ọkùnrin tó pa ẹ́ńjìnnì ọmọ rẹ̀ kò lè wo tàwọn. Abẹ́ igi máńgòrò dá páropáro. Ọdún márùn-ún ni Bàbá tún lò lẹ́yìn náà, n kò sì rí wọn kí wọ́n fi orógùn ti etí mọ́. Wọ́n fi í há àjà ilé ìdáná, pẹ̀lú ìkótí tó ti tẹ̀.

Ìkọkànlá ló kẹ́yìn. Mọ́tò mi wà ní ẹ̀yìn ilé, lọ́rì ló wọ́ ọ dé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, adìẹ ń sùn nínú rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá pé kò pọn dandan mọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n lé adìẹ jáde, wọ́n tú iwájú rẹ̀, wọ́n fi gílóòbù sí àyè rẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé bátìrì ṣì ní agbára díẹ̀. Iná pupa tàn.

Bàbá jókòó sórí ìjókòó tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ náà, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ di nǹkan mú, wọ́n sì fà á padà. Wọ́n ń wo iná náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀wẹ̀sì, ó di bí ẹyín iná, ó kú.

"Ó ti sọ tiẹ̀," ni wọ́n wí. "Àwa tó yẹ kó sọ ọ́ fún ni a ò sí nílé."

Ìwé kéú wọn wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ bá alùfáà kan, ó kọ́ mi ní lẹ́tà náà, mo sì ti ń kà á díẹ̀díẹ̀. Lójú ewé tó kẹ́yìn, kò sí orúkọ àìsàn mọ́tò kankan. Orúkọ ènìyàn mọ́kànlá ni Bàbá kọ síbẹ̀, tèmi ló gbẹ̀yìn, wọ́n sì fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí, mo bẹ̀ yín, bí ohun kan bá wà nílé yín tàbí nínú mọ́tò yín tó ń sọ ohun tí ẹ ò fẹ́ gbọ́, tí ẹ sì ti pa á lẹ́nu mọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ dìde lónìí, ẹ lọ dá ohùn rẹ̀ padà fún un, kí ó tó di pé ẹ ń wo òkùnkùn tí ẹ ń pè é ní àlàáfíà.